Victor Goldschmidt: Ọ̀jọ̀gbọ́n tí òkúta yọ lọ́wọ́ ikú

Ní ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, ọdún 1942, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Donau wà ní èbúté Oslo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Ọkọ̀ àwọn ará Jámánì ni. Àwọn ọlọ́pàá ń da ènìyàn sínú rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, arúgbó àti ọmọ ọwọ́, gbogbo wọn lé ní 500. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣẹ̀ ni pé Júù ni wọ́n. Auschwitz, ní ilẹ̀ Poland, ni wọ́n ń kó wọn lọ, àwọn tí ó sì padà bọ̀ láàyè nínú wọn kò ju èyí tí ènìyàn lè fi ìka ọwọ́ kà lọ.

Láàrin àwọn tí wọ́n kó wá sí èbúté náà ni ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta kan wà, tí ara rẹ̀ kò le. Kò ní ìyàwó, kò bí ọmọ, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ti kú. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n tì í wọ ọkọ̀, àṣẹ dé pé kí wọ́n yọ ọ́ sápá kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ti sáré sókè sáré sódò, wọ́n ti sọ fún àwọn aláṣẹ pé ìmọ̀ tí ọkùnrin náà ní nípa òkúta àti ilẹ̀ Nọ́wè kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti pé orílẹ̀-èdè náà kò lè ṣe aláìní in. Ọkọ̀ gbéra, ọkùnrin náà kò sí nínú rẹ̀. Victor Moritz Goldschmidt ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Zürich, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 1888. Heinrich ni orúkọ bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń jẹ́ Amelie. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni bàbá náà, ìfẹ́ tí ó ní sí iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ débi pé orúkọ ògbóǹtarìgì onímọ̀ kẹ́mísírì kan, Victor Meyer, ni ó fi sọ ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá yìí ni ó gbé wọn kiri. Láti Zürich wọ́n ṣí lọ sí Amsterdam, wọ́n tún ti ibẹ̀ lọ sí Heidelberg ní Jámánì, kí ó tó di pé ní ọdún 1901 ni Yunifásítì Kristiania ní Nọ́wè pe Heinrich láti wá jókòó sórí àga Peter Waage, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì tí ó ti kú. Kristiania yìí náà ni ó padà di Oslo ní ọdún 1925. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Victor nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Ní ọdún 1905, ọdún tí Nọ́wè já ara rẹ̀ gbà kúrò lábẹ́ ọba Swídìn, ni ìdílé náà di ọmọ onílùú.

Àwọn kan máa ń ṣi ọkùnrin yìí mú fún Victor Goldschmidt mìíràn, àgbà onímọ̀ kan ní Heidelberg tí òun náà fi gbogbo ayé rẹ̀ wo òkúta, tí ó sì kú ní ọdún 1933. Àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Nígbà tí Victor wọ yunifásítì ní ọdún 1905, Ọ̀jọ̀gbọ́n Waldemar Brøgger ni ó di ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni Brøgger ti fi yẹ àwọn òkúta agbègbè Kristiania wò, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn ká gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun yìí gba ibi tí ọ̀gá rẹ̀ dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ibẹ̀.

Agbègbè tí ń wí yìí kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Nígbà láéláé, òkun ni ó bo ibẹ̀, amọ̀ àti ẹfun sì ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun náà títí wọ́n fi di òkúta. Lẹ́yìn èyí, ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ ru gùdù láti abẹ́ ilẹ̀, ó sì ya wọ àárín àwọn òkúta amọ̀ àti òkúta ẹfun wọ̀nyí. Ooru rẹ̀ sè wọ́n. Wọn kò yọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ooru náà dé ni wọ́n ti paradà, tí wọ́n di òkúta líle gbagidi tí ó ń dún gbangan bí òòlù bá bà á.

Ẹni tí ó bá ti rí àwọn amọ̀kòkò lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ ohun tí èyí jẹ́. Amọ̀ rírọ̀ ni ìyá amọ̀kòkò fi mọ ìkòkò, ṣùgbọ́n tí ó bá ti to igi lé e, tí ó sì ti finá sí i, ohun tí yóò kó jáde nínú eérú kì í ṣe amọ̀ mọ́. Bí wọ́n da omi lé e lórí láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò ní padà di ẹrẹ̀. Ìyá tí ojú rẹ̀ sì ti là nínú iṣẹ́ náà yóò wo àwọ̀ ìkòkò, yóò fi ìka gbá a, yóò sì mọ̀ bóyá iná rẹ̀ tó tàbí kò tó, láìjẹ́ pé ó dúró tì í nígbà tí ó ń jó. Ohun tí Goldschmidt ń wá nìyí lára òkúta: bí ènìyàn yóò ṣe wo òkúta lónìí, tí yóò sì mọ bí iná tí ó sè é ní àìmọye ọdún sẹ́yìn ti gbóná tó, àti bí ilẹ̀ tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà náà ti wúwo tó.

Ó kó òkúta jọ káàkiri. Wọ́n gé wọn pẹlẹbẹ, wọ́n sì yọ́ wọn lórí ọlọ títí wọ́n fi fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá, lẹ́yìn náà ni ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan jọ ọ́ lójú. Amọ̀ àti ẹfun lè pò mọ́ ara wọn ní oríṣiríṣi ìwọ̀n tí kò lóǹkà, síbẹ̀ ìwọ̀nba àlùmọ́ọ́nì kéréje ni iná náà ń mú jáde, àwọn kan náà ni wọ́n sì máa ń jọ rìn. Níbi tí amọ̀ ti pọ̀ jù, andalusite àti cordierite ni ó ń rí. Bí ẹfun bá ti ń pọ̀ sí i, andalusite a pòórá, àlùmọ́ọ́nì dúdú kan tí wọ́n ń pè ní hypersthene a wọlé. Bí ẹfun bá tún pọ̀ sí i, hypersthene náà a jáde, àwọn mìíràn a gba ipò rẹ̀, títí yóò fi kan òkúta tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹfun pátápátá, níbi tí wollastonite funfun báláú ti ń jọba. Ìpele mẹ́wàá ni ó pín wọn sí. Àwọn kan wà tí wọn kì í jọ gbé rárá: níbi tí andalusite bá wà, kò sí hypersthene.

Kí ni ó fà á? Josiah Willard Gibbs, ará Amẹ́ríkà, ti fi ìṣirò hàn ní àwọn ọdún 1870 pé òpin wà sí iye ohun tí ó lè jọ wà pọ̀ ní ìrọ̀rùn láìsí pé ọ̀kan ń jẹ èkejì run, tí ooru àti ìfúnpọ̀ bá ti wà ní ojú kan. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń lo ìlànà náà fún ohun tí ó wà nínú ìgò wọn. Goldschmidt, tí ó dàgbà lábẹ́ òrùlé onímọ̀ kẹ́mísírì, gbé e kúrò nínú ìgò, ó sì fi wọn òkè. Ó ní tí òkúta bá pẹ́ tó nínú ooru tí ó sì jiná dáadáa, iye àlùmọ́ọ́nì inú rẹ̀ kò ní ju iye èròjà tí ó pilẹ̀ wọn lọ. Bí ènìyàn bá rí òkúta tí àlùmọ́ọ́nì inú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rí ni pé ìparadà kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tí kò parí. Gbólóhùn kékeré yìí ni ó sọ ìmọ̀ òkúta di ohun tí ènìyàn lè fi ìṣirò yẹ̀ wò.

Kò dúró síbẹ̀. Nínú gbogbo ìparadà wọ̀nyí, ó yan ẹyọ kan láti ṣírò rẹ̀ dópin. Tí òkúta ẹfun bá pàdé quartz, ìyẹn ohun tí ó pọ̀ jù lára iyanrìn, tí ooru sì mú wọn tó, wọn a para pọ̀ di wollastonite, gáàsì kábọ́ọ̀nù a sì jáde lọ, bí ó ti máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń sun òkúta ẹfun Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n tí ẹrù ilẹ̀ bá pọ̀ lórí wọn, gáàsì náà kò ní rọ́nà jáde bọ̀rọ̀, iná yóò sì ní láti gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí iṣẹ́ náà tó lè ṣe. Ní ọdún 1912, Goldschmidt ya ìlà kan sórí bébà, ooru ní ìsàlẹ̀, ìfúnpọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ní apá kan ìlà náà, ẹfun àti quartz yóò máa gbé pọ̀ láìjà. Tí wọ́n bá ré e kọjá, wọ́n di wollastonite. Àwọn nọ́ńbà rẹ̀ kò pé régí. Ó di àwọn ọdún 1950 kí àwọn mìíràn tó sè wọ́n nínú ìléru alágbára tí wọ́n sì tún ìlà náà yà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là náà ni gbogbo wọn ṣì ń tọ̀, ìwé tí ó kún fún irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò sì lóǹkà mọ́ báyìí.

Ìwé tí ó kọ lórí àwọn òkúta Kristiania, ní èdè Jámánì, ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1911. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ní ọdún 1914, yunifásítì fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ilé ìwádìí àlùmọ́ọ́nì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń wá ẹni tí yóò gbà wọ́n sí iṣẹ́. Bàbá àti ọmọ wá jọ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì kan náà.

Láti etí ìlú ó bọ́ sí orí òkè. Àwọn òkè gíga Nọ́wè, láti ìhà Stavanger ní gúúsù títí dé Trondheim, kò rí bí ti Kristiania. Níbẹ̀, òkúta yíyọ́ nìkan kọ́ ni ó sè wọ́n. Odidi ilẹ̀ ni ó sún lu ara wọn, tí òkúta orí ilẹ̀ sì rì lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, níbi tí ooru àti ìwúwo ti jọ ṣiṣẹ́ lára wọn fún mílíọ̀nù ọdún. Nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1915, ó fi hàn pé ní agbègbè Trondheim, ènìyàn lè máa rìn lọ lórí irú òkúta kan náà kí ó sì máa rí i bí àlùmọ́ọ́nì inú rẹ̀ ṣe ń yí padà ní ìpele ìpele, bí ibi tí iná ti mú jù ṣe ń súnmọ́lé.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àlejò kan wá bá a gbé láti Finland. Pentti Eskola ni orúkọ rẹ̀. Ó ti yẹ àwọn òkúta Orijärvi wò ní ìlú tirẹ̀, ìyàlẹ́nu sì ni ó mú wá. Òkúta kan wà ní Orijärvi tí èròjà inú rẹ̀ bá ti Kristiania mu rẹ́gírẹ́gí, ṣùgbọ́n níbi tí ti Kristiania ti ní andalusite pẹ̀lú feldspar, mica tí ń dán yinrinyinrin ni ó wà nínú ti Orijärvi. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò sọ pé ìlànà Goldschmidt ti wó lulẹ̀. Àwọn méjèèjì rí i pé ńṣe ni ó túbọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èròjà kan náà ni, iná ni ó yàtọ̀: ooru Orijärvi kò tó ti Kristiania, ìwúwo tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ. Ibi ìjíròrò yìí ni Eskola ti fìdí ètò tí ó fi ń pín gbogbo òkúta tó paradà múlẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Nọ́wè ní ọdún 1920. Ètò náà ni wọ́n ṣì fi ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní.

Ibi tí ètò yìí ti wúlò jù ni lára àwọn òkúta àtayébáyé tí ó ti lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ooru rẹ̀ ju 700 dígírì lọ, tí wọ́n sì tún padà gòkè wá. Irú wọn kò jìnnà sí ilé. Àpáta dúdú tó pọ́n díẹ̀ bí ewé tí ènìyàn ń rí ní Ìkẹ́rẹ́, ní Adó-Èkìtì àti ní àyíká Àkúrẹ́, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní charnockite, hypersthene kan náà tí Goldschmidt rí ní Kristiania ni ó wà nínú rẹ̀. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, àlùmọ́ọ́nì tí ó bá ní omi lára, bíi mica, kò lè dúró mọ́. Omi rẹ̀ á sá lọ, á sì di ohun mìíràn tí ó gbẹ. Bí òkúta náà bá wá ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ padà sí bí ó ti wà, ṣùgbọ́n omi ti lọ, ooru sì ń dínkù, ìparadà náà yóò kàn dá dúró sí ojú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú òkúta bẹ́ẹ̀ kárí ayé, ènìyàn a rí hóró garnet pupa kan tí àlùmọ́ọ́nì mìíràn yí ká bí etí aṣọ. Garnet náà jẹ́rìí ìgbà tí òkúta wà ní ìsàlẹ̀, etí tí ó yí i ká sì jẹ́rìí ìrìn àjò rẹ̀ sí òkè. Òkúta tí ó bá parí ìparadà rẹ̀ tán pátápátá ti gbàgbé ibi tí ó ti wá. Èyí tí kò parí rẹ̀ ni ó ní ìtàn láti sọ.

Ogun Àgbáyé Kìíní ti ti Goldschmidt sí iṣẹ́ mìíràn. Nọ́wè kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kò ráyè kó ọjà wọlé, ìjọba sì dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní ọdún 1917 láti wá àwọn ohun èlò tí ó ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ Nọ́wè fúnra rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ó ti mọ ìwúlò olivine, òkúta aláwọ̀ ewé tí ó pọ̀ bí erùpẹ̀ ní àwọn ibì kan ní Nọ́wè, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè fi ṣe bíríkì inú ìléru nítorí pé iná kì í tètè rí i gbé ṣe. Ó tún ní kí àwọn tí ń yọ́ irin lo iyanrìn olivine dípò iyanrìn quartz, nítorí eruku quartz ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè rẹ̀ gbòòrò sí i. Kí ni ó ń pín èròjà ayé sí ibi tí kálukú wọn wà? Kí ló dé tí wúrà fi ṣọ̀wọ́n lójú ilẹ̀, tí aluminium sì wà níbi gbogbo? Ibi ìléru ni ó ti rí ìdáhùn. Àwọn tí ń yọ́ irin láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé tí ilẹ̀ irin bá yọ́, irin á lọ sí ọ̀tọ̀, ìdàrọ́ á lọ sí ọ̀tọ̀. Goldschmidt ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ayé ṣe nígbà tí ó ṣì gbóná tí ó ń yọ́. Àwọn èròjà tí ó fẹ́ràn irin, wúrà pẹ̀lú wọn, bá irin rì lọ sí àárín gbùngbùn ayé. Àwọn tí ó fẹ́ràn imí-ọjọ́, bíi bàbà àti òjé, kóra jọ sí ọ̀tọ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn òkúta léfòó bí ìdàrọ́, àwọn ni ó sì di ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ́kù di afẹ́fẹ́. Orúkọ mẹ́rin tí ó fún wọn ni wọ́n ṣì ń jẹ́. Ní ọdún 1926, òun àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lo X-ray láti ṣe àkójọ ìwọ̀n ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà, wọ́n sì fi hàn pé bí èròjà kan ti tóbi tó ni ó ń sọ inú àlùmọ́ọ́nì tí ó lè wọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní bàbá ìmọ̀ kẹ́mísírì ilẹ̀.

Ní ọdún 1929, Yunifásítì Göttingen ní Jámánì pè é, ó sì lọ pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Göttingen nígbà náà ni ilé ọgbọ́n. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wà níbẹ̀, gbogbo ayé ni ó ń gbọ́ orúkọ wọn. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, Hitler gba ìjọba. Wọ́n lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, àwọn tí wọ́n sì ń kí Goldschmidt tẹ̀ríba tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọdún 1935, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi ilé ìwádìí tí ó kọ́ sílẹ̀, ó sì kó bàbá rẹ̀ arúgbó padà sí Oslo. Ọdún 1937 ni Heinrich kú. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fi olivine aláwọ̀ ewé Nọ́wè gbẹ́ ìkòkò tí wọ́n ń kó eérú òkú sí, fún bàbá, fún ìyá, ó sì ṣe ọ̀kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ní ọdún 1938 ó parí ìwé kẹsàn-án nínú ọ̀wọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1923 lórí bí èròjà ṣe pín káàkiri. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣe àkójọ iye èròjà kọ̀ọ̀kan tí ó wà ní gbogbo àgbáyé, láti inú òkúta ilẹ̀, òkúta tí ń já bọ́ láti òfuurufú àti ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Àwọn tí ó wádìí bí ìràwọ̀ ṣe ń dá èròjà sílẹ̀ lẹ́yìn ogun, àkójọ yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹrin ọdún 1940 ni àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ Nọ́wè. Ohun tí Goldschmidt sá fún ní Göttingen ti bá a dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń fi májèlé sayanáìdì kan sápò kiri, nítorí ó ti pinnu pé ọwọ́ wọn kò ní tẹ òun láàyè fún ìyà. Ìtàn kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń sọ: ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní yunifásítì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun náà nínú rẹ̀. Goldschmidt kọ̀. Ó ní ti ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ni májèlé, kí ẹni tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ wá okùn. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ẹni tí ó ti rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 1942, wọ́n kó àwọn ọkùnrin Júù ní Nọ́wè lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì gba dúkìá wọn. Wọ́n mú Goldschmidt lọ sí àgọ́ Berg, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tønsberg. Wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí àìsàn, wọ́n tún wá mú un padà ní ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá. Ọjọ́ kejì ni ti ọkọ̀ Donau.

Orí ni ó yọ ọ́, ènìyàn lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí inú ẹnikẹ́ni dùn jù sí bí ó ṣe yọ. Ìwúlò rẹ̀ fún àwọn tí ó dì í mú ni wọ́n wò, wọn kò wo pé ènìyàn ni. Aránṣọ, oníṣòwò àti ọmọdé tí ó wà ní èbúté náà kò ní ẹlẹgbẹ́ ní yunifásítì tí yóò bẹ̀bẹ̀ fún wọn.

Goldschmidt kò dúró kí àwọn aláṣẹ yí ọkàn padà. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, àwọn ọmọ Nọ́wè tí ń bá ìjọba Hitler jà ní bòókẹ́lẹ́ gbé e pamọ́, wọ́n sì mú un kọjá ẹnubodè sí Swídìn, tí kò sí nínú ogun náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1943 ni ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ìlú Ọba. Ilé ìwádìí Macaulay, lẹ́bàá Aberdeen ní Scotland, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ oko, ni ó fún un ní àyè, ó sì tún lọ sí Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Ilé, ìwé àti òkúta tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ wà lẹ́yìn òkun. Ọkàn rẹ̀ ń ṣe é, àgọ́ Berg sì ti ba ìyókù ara jẹ́. Síbẹ̀ ó ń kọ̀wé. Ìwé ńlá kan ni ó dáwọ́ lé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò mú èròjà ayé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì sọ gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1944, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní London fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Wollaston. Orúkọ ọkùnrin tí wọ́n fi sọ àmì-ẹ̀yẹ náà ni wọ́n fi sọ wollastonite, àlùmọ́ọ́nì tí ó fi bẹ̀rẹ̀ òkìkí rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́.

Oṣù kẹfà ọdún 1946 ni ó padà sí Oslo, ara kò sì yá. Ó kú ní ọjọ́ 20, oṣù kẹta, ọdún 1947, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ìwé ńlá náà kò sì tíì parí. Alex Muir, ọ̀kan lára àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní Scotland, ni ó kó àwọn bébà rẹ̀ jọ, ó tò wọ́n, ó sì mú wọn jáde ní Oxford ní ọdún 1954. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ rí àlùmọ́ọ́nì kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, hóró tíntín aláwọ̀ ewé tí ó há sínú òkúta dáyámọ́ńdì kan láti Koffiefontein ní Gúúsù Áfíríkà. Goldschmidtite ni wọ́n sọ ọ́. Eérú rẹ̀ wà ní Oslo, nínú ìkòkò olivine tí ó ṣe sílẹ̀ fún ara rẹ̀.